Ẹ̀jẹ̀ Kan, Láàbù Méjì: Kí Ló Dé Tí Èsì Sẹ́ẹ̀lì T Kì Í Bára Mu Nínú Ìwádìí Àtọ̀gbẹ Irú Kìíní?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà mà. Láàbù ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, ó sì ti ń gún ínsúlínì láti bí ọdún mẹ́ta. Mo kà á pé àwọn olùwádìí lókè òkun máa ń wá àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń ba páńkíríásì jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á sì kà wọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún kà pé èsì láàbù kan kì í bá ti èkejì mu, àti pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá bí gbogbo rẹ̀ á ṣe wà lórí òṣùwọ̀n kan. Tí mo bá fa ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi lónìí, tí mo pín in fún láàbù méjì, ṣé èsì kan náà ni màá rí? Kí ló ń fa ìyàtọ̀ yẹn? Ṣé àwa tí a wà ní Èkìtì lè bá wọn dá sí iṣẹ́ yìí, àbí kí a kàn máa wò wọ́n? Ẹ ṣeun, mà.”

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ẹbí. Ọlọ́run á dá àbúrò rẹ sí.

Rárá, èsì kan náà kọ́ ni wàá rí. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí láàbù kan ní òun rí sẹ́ẹ̀lì náà, kí èkejì ní òun ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì lè mọṣẹ́ dunjú, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́ nínú wọn. Iye tí wọ́n bá kọ sórí ìwé èsì sẹ́ẹ̀lì T ń sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ti aláìsàn ni: gbogbo ohun tí ojú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún rí láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ti wọ iṣan títí dìgbà tí ẹnì kan jókòó tó ń ka àmì. Àwọn tó ń gbìyànjú láti mú àyẹ̀wò yìí wà lórí òṣùwọ̀n kan, ojú ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ wọn wà. Ẹ̀rọ olówó ńlá tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè kọ́ ni olórí ìṣòro.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn kì í ṣe ará láàbù: àtọ̀gbẹ irú kìíní yàtọ̀ sí èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà wa. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló yíjú sí sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà inú páńkíríásì, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ínsúlínì, tí wọ́n sì ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ogun yìí lè ti máa jà fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún kí òǹgbẹ àti ìtọ̀ àtọ̀jù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lè ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun yìí láìṣìnà á lè mọ ọmọ tí àìsàn ń bọ̀ wá bá, á sì lè mọ̀ bóyá oògùn tuntun ń pẹ̀tù sí ogun ọ̀hún kí ṣúgà tó sọ ọ́. Èrè yẹn pọ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jáwọ́.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń mọ̀ pé ogun ń lọ ni àǹtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ tí ara ń ṣe láti dojú kọ ohun kan pàtó, ìtàn tirẹ̀ sì dùn. Ní 1974, Bottazzo, Florin-Christensen àti Doniach ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé àwọn kan tó ní àtọ̀gbẹ ní àǹtíbọ́dì tó ń dojú kọ páńkíríásì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, a wá mọ ohun tí àwọn àǹtíbọ́dì yìí ń lé: ínsúlínì fúnra rẹ̀, àti GAD65, IA-2 àti ZnT8, tí wọ́n jẹ́ purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà. Níbẹ̀rẹ̀, láàbù kọ̀ọ̀kan ń kọ iye tó wù ú. Wọ́n wá ṣètò omi ẹ̀jẹ̀ kan tí gbogbo ayé á máa fi wọn tiwọn wò; Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní nọ́ńbà 97/550, fún àǹtíbọ́dì GAD àti IA-2. Láti 2000, Immunology of Diabetes Society, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí àtọ̀gbẹ irú kìíní, àti CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpẹẹrẹ omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bo orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn láàbù kárí ayé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dá èsì padà. Láàbù tó bá ṣìnà á rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àǹtíbọ́dì ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì T? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀jẹ̀ ṣeé dì sínú fírísà, ó ṣeé fi ránṣẹ́, kò sì ní ẹ̀mí tó lè bọ́ lójú ọ̀nà. Tí ìyá kan ní Ọjà Ọba ní Adó bá ti lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, kò ṣòro láti mú un: gbé kóńgò gidi tì í, fi gààrí kan náà wọn méjèèjì, àṣírí tú. Gààrí ò ní yí padà láàárín kóńgò kìíní àti èkejì. Sẹ́ẹ̀lì T ní tirẹ̀ jẹ́ ohun abẹ̀mí. Ó lè kú kó tó dé láàbù kejì, ó sì lè wà láàyè kó má lágbára láti dáhùn mọ́. Ohun tí o fẹ́ fi wọn òṣùwọ̀n wò, òun fúnra rẹ̀ ni kì í dúró sójú kan.

Ìṣòro kejì ni pé wọn ò pọ̀. Mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan máa ń fúnni ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan sí méjì nínú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí a nílò. Nínú wọn, èyí tó dá purotéènì sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà kan pàtó mọ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan nínú 100,000, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Bá mi ṣírò rẹ̀. Tí o bá fa mílílítà 10 lára ọmọdé, bóyá ẹyọ 10 sí 200 ni gbogbo ohun tí ò ń wá, nínú mílíọ̀nù 10 sí 20. Tí ìdajì bá kú nínú fírísà, tí o tún pín èyí tó kù sí ihò mẹ́rin láti fi purotéènì mẹ́rin dán wọn wò, ṣé o rí i pé ẹyọ kan tàbí méjì ló lè wà láàárín “ó ní” àti “kò ní”? A ò sì lè máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé bíi pé omi ẹ̀rọ ni. Èyí tó tún wá dá kún un ni pé àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá náà máa ń ní díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yìí. Nítorí náà rírí i nìkan kò tó. Iye rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ la ń wá.

Ó yá, ká tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Níbí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni.

Ìgò ni ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní ìdérí aláwọ̀ àlùkò tí o fi ń ka ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, EDTA, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló wà nínú rẹ̀, EDTA sì máa ń di kálísíọ́mù mú. Sẹ́ẹ̀lì T nílò kálísíọ́mù kó tó lè dáhùn sí ohunkóhun. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ mọ irú sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ àti iye wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe nígbà tó bá rí purotéènì páńkíríásì lo fẹ́ mọ̀, èyí tó ní ìdérí aláwọ̀ ewé, tó ní heparin, kẹ́míkà mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí o mú. Láàbù kan mú ti àlùkò, èkejì mú ti ewé: kí wọ́n tó tú okùn apá aláìsàn, ọ̀nà wọn ti pín.

Aago ló tẹ̀ lé e. Wákàtí mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ ìlànà ń tọ́ka sí, láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lára títí o fi ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sùn mọ́jú, àwọn neutrophil inú rẹ̀, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, á fúyẹ́. Nígbà tí o bá wá gbé ẹ̀jẹ̀ lé orí Ficoll, omi tí a fi ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.077, tí o fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí i, àwọn neutrophil tó yẹ kó rì sísàlẹ̀ á bá sẹ́ẹ̀lì T léfòó. Wọ́n á bà á jẹ́ fún ọ, sẹ́ẹ̀lì T ò sì ní dáhùn bó ṣe yẹ. Má gbàgbé aago kejì náà, ìyẹn ìgbà tí o fa ẹ̀jẹ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì T tó ń lọ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kọ́ ló máa ń wà níbẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó bá fa ti aláìsàn ní aago méje àárọ̀, tó wá fa ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ní ìrọ̀lẹ́, á rí ìyàtọ̀, á sì rò pé àtọ̀gbẹ ló fà á.

Ooru ńkọ́? Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe nílé ìwòsàn ni pé ká sọ ẹ̀jẹ̀ sínú fíríìjì. Má ṣe é fún èyí. Ẹ̀jẹ̀ tí o fẹ́ fi ka sẹ́ẹ̀lì T tó wà láàyè fẹ́ ìwọ̀n ooru inú yàrá, nǹkan bí 18 sí 25 lórí Celsius, kò fẹ́ òtútù fíríìjì, kò sì fẹ́ ooru oṣù Ẹ̀rẹ̀nà nínú ọkọ̀ tí wọ́n pa gíláàsì rẹ̀ dé sójú oòrùn. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó jókòó sínú mọ́tò lọ́nà yẹn láàárín ọ̀sán á gbóná ju bí ìwé ìlànà Yúróòpù ṣe rò lọ, torí ní ibi tí wọ́n ti kọ ìwé yẹn, “inú yàrá” túmọ̀ sí yàrá tí wọ́n ń darí ooru rẹ̀. Kúlà tí wọ́n to ike olómi sínú rẹ̀, ike tí wọ́n ti jẹ́ kó dé nǹkan bí 20 kí wọ́n tó kó o sínú, àti tẹmómítà kékeré tó ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ló máa yanjú rẹ̀. Kò wọ́n ju owó àyẹ̀wò kan tó bàjẹ́ lọ.

Dídì ló tún le jù. Wọ́n máa ń fi DMSO, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, sínú omi tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ kí yìnyín má baà fà á ya, wọ́n á sì jẹ́ kí òtútù máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú kan, títí dé −80. Lẹ́yìn náà, nitrogen olómi tó wà ní −196 ni ibùgbé rẹ̀. Fírísà −80 kò tó fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Wàyí o, iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò tan, fírísà gòkè dé −50, iná padà dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, sẹ́ẹ̀lì tó ti ṣàárẹ̀ wọ inú àyẹ̀wò, ìwé èsì sì wí pé aláìsàn yìí kò ní sẹ́ẹ̀lì T tó ń bá páńkíríásì jà. Ewu tó wà nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ àti ara tó dá máa ń fúnni ní èsì kan náà, ìyẹn òdo.

Nítorí náà, èmi kì í gba “kò sí” gbọ́ lọ́wọ́ láàbù kankan láìrí kọ́ńtíróòlù, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ṣì lè dáhùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi ohun tí sẹ́ẹ̀lì T gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dáhùn sí dán an wò, bíi PHA, èròjà tó ń ta sẹ́ẹ̀lì T jí, kí ẹ sì fi purotéènì àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì kún un fún ẹni tó ti gbà á. Tí sẹ́ẹ̀lì bá dáhùn sí tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí kò dáhùn sí GAD65, mo lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Tí kò bá dáhùn sí èyíkéyìí, kò sọ nǹkan kan, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé ó sọ̀rọ̀.

Purotéènì tí wọ́n fi ń dán sẹ́ẹ̀lì wò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Inú bakitéríà ni wọ́n ti máa ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá E. coli. Tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, ìdọ̀tí láti ara bakitéríà náà á bá a wọlé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á sì ta kìjí sí ìdọ̀tí yẹn, bó ti yẹ kó ṣe. Olùwádìí á rò pé GAD65 ló jí i. Nígbà tí Immunology of Diabetes Society kó àwọn láàbù jọ fún ìdánwò àkọ́kọ́ lórí sẹ́ẹ̀lì T, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1999, bí purotéènì kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́ tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó fojú hàn pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni sírọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú ìńkúbétọ̀: èyí tí wọ́n rà lọ́dún yìí lè ta sẹ́ẹ̀lì jí ju ti èṣí lọ. Ẹ dán an wò kí ẹ tó rà á lọ́pọ̀.

Nígbà tí gbogbo èyí bá wá lọ dáadáa, ó ku kíkà. Ká mú ELISpot, ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó dáhùn fi ń fi àmì kan sílẹ̀ sí ìdí ihò. Aláìsàn kan ní àmì 2 nínú ihò tí kò sí purotéènì, ó sì ní 6 nínú ihò tí purotéènì wà. Aláìsàn kejì ní 40 àti 60. Láàbù tó máa ń pín ọ̀kan sí èkejì á sọ pé aláìsàn àkọ́kọ́ dáhùn ní ìlọ́po 3, èkejì ní ìlọ́po 1.5, nítorí náà ti àkọ́kọ́ ló le jù. Láàbù tó máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì á sọ pé àkọ́kọ́ ní 4, èkejì ní 20, nítorí náà ti èkejì ló le jù. Ihò kan náà, àmì kan náà, ìdájọ́ tó ta ko ara wọn. Níbi flow cytometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ibi tí ìlà máa gbà láàárín sẹ́ẹ̀lì tí à ń kà àti èyí tí a ò kà. Ní 2016, àwọn olùwádìí Human ImmunoPhenotyping Consortium tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé tí ẹ bá jẹ́ kí ojú kan ṣoṣo, tàbí ètò kọ̀ǹpútà kan, ka fáìlì gbogbo láàbù, ìyàtọ̀ á dínkù. Mo fẹ́ràn èyí torí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ra ẹ̀rọ tuntun.

Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà ò tẹ̀ síwájú. Ní 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ti bo orúkọ gbogbo ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Diabetes, ó sì fi hàn pé àwọn ọ̀nà kan lè ya aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí àwọn tó ń ṣe é ò sì mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ wo. Ní 2011, ìgbìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì T ti Immunology of Diabetes Society gbé ìmọ̀ràn jáde lórí bí a ṣe ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ àti bí a ṣe ń pa á mọ́. Tí o bá máa ka ìwé kan ṣoṣo kí o tó bẹ̀rẹ̀, òun ni kí o wá. Àwọn tó ń ṣe àjẹsára jẹjẹrẹ náà kọ ìlànà tí wọ́n pè ní MIATA, èyí tó parí ní 2012. Kò pàṣẹ bí èèyàn á ṣe ṣiṣẹ́. Ohun tó ní kí gbogbo láàbù kọ sílẹ̀ ló tò: bí wọ́n ṣe tọ́jú àpẹẹrẹ, bí wọ́n ṣe ṣe àyẹ̀wò, bí wọ́n ṣe kà á, bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, àti irú láàbù tí wọ́n ti ṣe é.

Èrò tèmi, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í gbà, ni pé ọ̀nà MIATA yẹn ló bọ́gbọ́n mu jù. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń lálàá pé gbogbo láàbù ayé á máa tẹ̀ lé ìwé ìlànà kan, ìlà dé ìlà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Láàbù ò ní ẹ̀rọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní iná kan náà. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú ṣe tirẹ̀ bó ṣe lè ṣe é, kí gbogbo wọn fi kọ́ńtíróòlù kan náà sí i, kí wọ́n gba àpẹẹrẹ tí a bo orúkọ rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Èyí tí kò bá lè ṣe mẹ́ta yìí, ìwé ìlànà tó dára jù láyé ò lè ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ wa níbí wá kù. Àwọn nǹkan kan wà tí ìlànà tí wọ́n kọ lókè òkun kò rò, tó jẹ́ pé àwa nìkan la lè mú un wá. Ibà ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ibà kọ lù, iye sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lásìkò náà. Tí o bá fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná, iṣẹ́ ibà lo máa kà. Nítorí náà, àyẹ̀wò ibà gbọ́dọ̀ wà nínú ìlànà wa, kí a sì kọ àjẹsára tí ọmọ náà gbà láìpẹ́ sílẹ̀. Neutrophil náà wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni iye tiwa kéré sí ti Yúróòpù láìsí àìsàn kankan, nítorí bí a ṣe dá wa. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n Yúróòpù ṣe àlà á yọ àwọn tí ara wọn dá kúrò nínú ìwádìí láìnídìí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni HLA, àmì ara sẹ́ẹ̀lì tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, èyí tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń rí purotéènì. Tetramer, ohun tí wọ́n fi ń mú sẹ́ẹ̀lì T kan pàtó jáde, gbọ́dọ̀ bá HLA aláìsàn mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mú nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà fún àtọ̀gbẹ, orí HLA-A2 àti DR4, tó wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ funfun, ni wọ́n gbé e kà. Tiwa lè yàtọ̀ pátápátá. Àpẹẹrẹ kan nìyí: irú DR7 tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù máa ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ irú kìíní, ṣùgbọ́n irú DR7 kan wà láàárín àwọn tó ti Áfíríkà ṣẹ̀ tó ń fi kún ewu rẹ̀. Ẹ gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ará Yúróòpù wá sí Ìdó-Èkìtì, á fún yín ní òdo, á sì dà bí ẹni pé àwọn ọmọ wa ò ní ogun nínú.

Bóyá àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ ní in lóòótọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 láti Cameroon, Uganda àti South Africa rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ irú kìíní kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àǹtíbọ́dì tí a mọ̀. Ṣé irú àtọ̀gbẹ mìíràn ni, tí kì í ṣe pé ara ló ń bá ara jà? Àbí sẹ́ẹ̀lì T ń ṣiṣẹ́ láìsí àǹtíbọ́dì? Àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì T tó ṣeé gbọ́kàn lé ló lè bá wa dá ẹjọ́ yẹn, kò sì sí bí a ṣe lè dá a tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bàjẹ́ kó tó kúrò ní Èkìtì.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ kẹta nìyẹn: ẹ lè dá sí i, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ láti ELISpot. Wá àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá, tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Fa ìgò mẹ́ta aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ya sẹ́ẹ̀lì inú ìkíní láàárín wákàtí méjì, ìkejì ní wákàtí mẹ́jọ, ìkẹta lọ́jọ́ kejì. Fi trypan blue, aró tó ń wọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú lára, àti maikirosíkóòpù ka èyí tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ àti maikirosíkóòpù ti wà lọ́dọ̀ yín. Ficoll àti àwọn nǹkan kéékèèké ni wàá rà. Ṣe é ní àsìkò ọyẹ́, kí o tún un ṣe nígbà ooru, kí o kọ ìwọ̀n ooru kúlà sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá olùwádìí ní Ìbàdàn tàbí lókè òkun ti gbé ohun tó níye lórí lọ bá a, kò lọ tọrọ.

Tí kò bá sí nitrogen olómi nítòsí, má fi agídí di sẹ́ẹ̀lì. DNA inú ẹ̀jẹ̀ kò nílò ìtọ́jú tó le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè ka àmì ìdánimọ̀ sẹ́ẹ̀lì T láti inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi kẹ́míkà mú dúró sójú kan náà ṣeé fi ka irú sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà lè ṣe mọ́. Kí ẹyọ ìgò kan sì tó jáde ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ilé ìwòsàn yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìwé àdéhùn lórí àpẹẹrẹ tó ń ròde gbọ́dọ̀ wà gẹ́gẹ́ bí òfin NHREC, ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ṣe sọ, kí ẹ sì dì í bí UN3373, ìlànà fífi àpẹẹrẹ ara èèyàn ránṣẹ́, ṣe wí. Nínú ìwé àdéhùn yẹn, béèrè pé kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ padà, kí orúkọ àwọn tó ya sẹ́ẹ̀lì ní Adó sì wà lórí ìwé ìwádìí. Ọ̀pọ̀ máa ń tijú láti béèrè rẹ̀. Má tijú.

Ní ti àbúrò rẹ fúnra rẹ̀, má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí. Kò sí dókítà tó máa yí ìwọ̀n ínsúlínì rẹ̀ padà nítorí iye sẹ́ẹ̀lì T. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é fún un lówó láàárín ìgboro, tó sì ní oògùn tàbí àgbo tó máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ sá fún un, pàápàá tó bá ní kó dá ínsúlínì dúró. Ọmọ tó ní irú kìíní tí ínsúlínì bá já lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọ inú ewu láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Teplizumab, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Bélú 2022, tó ń bá sẹ́ẹ̀lì T sọ̀rọ̀ tààrà, ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún ẹni tó ti pé ọdún mẹ́jọ tó ní àǹtíbọ́dì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ṣúgà rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n tí àìsàn ò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó sún àìsàn síwájú fún nǹkan bí ọdún méjì nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbà á wọlé. Àbúrò rẹ ti kọjá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní àbúrò mìíràn nílé, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Nínú ìwádìí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn ọmọ ìyá ẹni tó ní irú kìíní ló máa ń ní in. Àǹtíbọ́dì ni kí ẹ yẹ̀ wò fún wọn, GAD65, IA-2, ZnT8 àti ti ínsúlínì, ní láàbù tó ń gba àpẹẹrẹ ìdánwò láti òkèèrè. Bi láàbù náà bóyá ó ń gbà á kí o tó sanwó. Omi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló nílò, èyí sì ṣeé fi sínú fíríìjì.